Ìwé Ìrìnnà Tí Wọ́n Fi Ṣe Èènì

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ní aago méjìlá ọ̀sán gééré, mo ra bọ́ọ̀sì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ ní La Paz. Ọjọ́ ọjà Alasitas ni. Ohun tí èèyàn bá ń fẹ́ lọ́dún náà, kékeré rẹ̀ ló máa ń rà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń fẹ́ ilé á ra ilé tó ṣe é fi sápò, obìnrin tó ń wá ọkọ á ra àkùkọ alámọ̀. Ohun tí èmi ń fẹ́ ni kí ìdílé wa rìnrìn àjò yí orílẹ̀-èdè Bolivia ká: èmi, ìyá wa, àti Nayra. Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì nígbà náà, mi ò sì tíì kọjá ìlú Oruro rí.

Oníbàárà mi ni obìnrin tó tà á fún mi. Láti ọdún 2003 ni mo ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Èènì mi dà?"

Ó ní, "Háà, Eusebia! O kì í gbàgbé." Ó tú inú àtẹ rẹ̀, ó sì mú nǹkan pupa kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. "Gbà. Ìwé ìrìnnà ni. Ṣé ẹni tó ní mọ́tò ò ní níwèé ni?"

Mo gbà á, mo sì fi lé Nayra lọ́wọ́. Ó ṣí i. Funfun ni inú rẹ̀, kò sóhun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyá wa na ọrùn wò ó.

"Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi ìwé ìrìnnà ṣe? Wọn ò béèrè ìwé ìrìnnà ní Oruro."

"Èènì ni, Ìyá."

"Èènì náà, ẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tó bá wọ ọwọ́ èèyàn lọ́sàn-án òní, òun ló béèrè."

Mo rẹ́rìn-ín. Èèyàn kì í dá èènì padà fún oníbàárà rẹ̀. Tí o bá dá a padà, o bú u nìyẹn, lọ́dún tó ń bọ̀ á kọ ẹ̀yìn sí ọ. A gbé bọ́ọ̀sì náà àti ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fín èéfín tùràrí sí wọn lára, ó da ọtí díẹ̀ sí wọn lórí, ó sì gbàdúrà. Ó gbàdúrà sórí méjèèjì pọ̀.

Àbúrò mi Yola ló bí Nayra. Yola lọ sí Sípéènì ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 2004, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti oṣù kan. Ó ní òun máa lo ọdún kan. Àmọ́ kò ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀, bó bá sì jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́, ni ó bá dúró. Kó tó lọ, ó mú mi lọ sí kóòtù ní El Alto níbi tí à ń gbé, ó fọwọ́ sí i pé èmi ni alágbàtọ́ ọmọ náà. Èmi kò bímọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, omi inú ẹ̀rọ wa di yìnyín fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ń yọ́ yìnyín nínú ìkòkò láti fi fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà ọdún 2006, òtútù wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà mẹ́rìndínláàádọ́ta ní ilé ìwòsàn, ẹni ogójì ni wọ́n sì ń dá lóhùn lójúmọ́. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo gba nọ́ńbà kọkàndínlógún. Lọ́dún 2007 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti rán aṣọ láti àárọ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo ń gbé Nayra wá síbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ní kí n gbé ẹrù mi jáde, ni mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kọ ìwé mi lórí ògiri, títí tó fi sú òun fúnra rẹ̀. Mo parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Nayra ló pàtẹ́wọ́ jù lọ́jọ́ náà.

Yola ń fi owó ránṣẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Màámi ni Nayra ń pè mí. Yola ló ń pè ní Mọ́mì Sípéènì, bí ẹni ń dárúkọ ẹni mímọ́ inú àwòrán. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì ní kó má pè é bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, Yola pe èmi fúnra mi, ó ní ìwé òun ti jáde. Ó ń bọ̀ wálé nígbà ìsinmi ilé ìwé ní oṣù keje, ó máa gba bọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú dírẹ́bà, gbogbo wa á sì yí ilẹ̀ Bolivia ká fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wo bọ́ọ̀sì kékeré tó wà lórí pẹpẹ. Mo tan àbẹ́là fún un.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ló dé. A lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú El Alto. Ó ti sanra, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń fi ahọ́n gé ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Sípéènì. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Nayra sá sẹ́yìn mi, ó di yẹ̀rì mi mú.

Yola ní, "Èmi ni, olólùfẹ́ mi. Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti ọmọ náà síwájú. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

A gbéra ní ọjọ́ kẹta. Wálter ni orúkọ dírẹ́bà náà, ọkùnrin kúkurú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Yola jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó fọwọ́ lu ìjókòó tó kángun sí tirẹ̀.

"Nayra, wá síbí. Wàá rí àwọn ẹran llama dáadáa."

Nayra wò mí. Mo ní, "Lọ," pẹ̀lú ohùn tó mọ̀ pé kì í ṣe lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì mí títí dé Oruro.

Ní Oruro, a mu api gbígbóná, ògì àgbàdo aláwọ̀ àlùkò yẹn, Yola sì yọ fóònù rẹ̀ jáde. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn ti ń fi ìka gé èso sí méjì. Nígbà tí a padà sínú bọ́ọ̀sì, Nayra ti wà lẹ́bàá fèrèsé. Mo gbé báàgì mi sórí ìjókòó tó fi sílẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé ó ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì a dé pápá iyọ̀ Uyuni. Kò sí igi, kò sí òkúta, funfun ni títí dé ibi tí ojú mọ. Wálter gbé àga sílẹ̀ fún ìyá wa, ó wé ẹ ní kúbùsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ.

"Àǹtí Sípéènì, ẹ nawọ́ báyìí. Ìwọ ọmọbìnrin, máa fi ẹ̀yìn rìn lọ. Lọ síi. Síi. Dúró! Ta ló máa ya fọ́tò?"

Yola fi fóònù lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà á."

Mo wo inú fóònù náà. Nítorí pé kò sóhun tí ojú lè fi wọn ọ̀nà jíjìn lórí iyọ̀, Nayra dúró ṣánṣán lórí àtẹ́lẹwọ́ Yola. Kò ju nǹkan tí wọ́n ń tà ní Alasitas lọ.  Mo tẹ bọ́tìnnì náà.

Nígbà tí Yola wo fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi dà?"

"Oòrùn ló ń kọ sí mi lójú."

Ìyá wa pariwo láti inú kúbùsù rẹ̀ pé, "Má gé orí rẹ̀ o! Orí yẹn ló gbé e dé Sípéènì!"

Wálter rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ya mẹ́rin mìíràn, orí wà nínú wọn. Nayra sáré padà wá, iyọ̀ ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀.

"Màámi, ó kàn yín. Ẹ wá nawọ́, kí n dúró lórí ọwọ́ tiyín náà."

Yola wo fóònù. "Bátìrì ti ń lọ, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká ya ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́la."

Lọ́la, a ti kúrò lórí iyọ̀. Kò sí fọ́tò mi kankan ní Uyuni.

Ọjọ́ kẹfà la sùn ní Sucre. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje mo dìde, mo mú òòyà, mo lọ sí yàrá kejì láti dirun Nayra. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dì í ní ìdì méjì lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ mẹ́rin tí ìka mi wú nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Yola ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orí ọmọ náà ń bẹ láàárín orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ṣe tó."

Bóyá oore ló pe èyí tó sọ. Mo dúró pẹ̀lú òòyà mi. Ìdì méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tó wà lápá òsì dẹ̀. Nígbà tí Nayra jáde, mo ní, "Wá, kí n tún un dì fún ọ."

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màámi."

Ní Cochabamba, ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Nayra lọ fún ẹyẹlé ní àgbàdo ní àárín ojúde ìlú. Èmi, Yola àti ìyá wa jókòó sórí bẹ́ńṣì. Yola fọwọ́ pa yẹ̀rì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ mú Nayra lọ."

Mo fa báàgì mi sórí itan.

"Yàrá rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ilé ìwé ti gbà á. Ìwé tó kù pátá ti pé lọ́dọ̀ mi. Ìfọwọ́sí yín nìkan ló kù, nítorí ìwé kóòtù yẹn. A lè fọwọ́ sí i tí a bá dé Santa Cruz."

"Ìdí tí o fi gba bọ́ọ̀sì nìyẹn."

"Rárá o! Mo gba bọ́ọ̀sì kí gbogbo wa lè jọ wà pa pọ̀."

"Kí o lè fi ọ̀sẹ̀ kan ra ohun tí mo fi ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́sàn-án tọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo bí i."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Ìyá wa yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ń wo àwọn ẹyẹlé. Láìsí ìfọwọ́sí mi, Nayra kò lè kọjá ẹnubodè. Yola mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti El Alto.

Ó yẹ kí n fi í mọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Santa Cruz, tí òjò ń rọ̀ tí ewé ń bẹ níbi gbogbo, mo rí i tí Nayra gbé orí lé èjìká Yola, ó sì sùn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sí aṣọ Yola, Yola kò sì nù ún. Èjìká mi ló máa ń da itọ́ sí. Nígbà tí Wálter dúró kí a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín, mo fa Nayra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ ìbòrí páànù.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ báyìí ni?"

"Ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń sọ. Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún mẹ́jọ, kò béèrè rẹ lórí fóònù rí, kódà lẹ́ẹ̀kan?"

 Nayra jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tán. Ìwà rẹ̀ ni pé tí nǹkan bá ń dùn ún, á kọ́kọ́ jẹun tán. A padà sínú bọ́ọ̀sì. Kò tíì tó máìlì méjì tí ó fi ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ kì í fi pè mí?"

"Ta ni kì í pè ọ́?"

"Ẹ̀yin. Láti Sípéènì."

Yola yíjú sí i pátápátá. "Gbogbo Sọ́ńdè! Aago mẹ́wàá àárọ̀ ilé, ní ṣọ́ọ̀bù fóònù Ìyá Remedios. Tí mo bá ní kí wọ́n fún mi ní ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi á ní o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tàbí o ń sùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní o ní o ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Mo sunkún nítorí ìyẹn. Mo rò pé o bínú sí mi ni."

Wálter pa rédíò.

Ìyá wa ní, "Eusebia." Orúkọ mi nìkan ló pè.

Òótọ́ ni. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ọmọ náà ń sùn lóòótọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2006, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fóònù náà, ó gbọ́ ohùn Yola, ó sì sunkún fún ọjọ́ méjì, kò jẹun, ó ń na ọwọ́ sí ògiri, ó ń pe Mọ́mì. Mi ò lè dá a dúró. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo fi í sílẹ̀ sílé kí ó má baà tún sunkún. Ní èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, èmi ni mi ò fẹ́ kó pe ẹlòmíràn. Mo lè sọ ọjọ́ àti oṣù gbogbo ìyà tó jẹ mí. Àwọn Sọ́ńdè yẹn, mi ò kà wọ́n rí.

Ooru ti gba Santa Cruz kan. Èmi àti ìyá wa wọ súwẹ́tà méjì-méjì, ni obìnrin tó ń ta omi ọsàn bá ké sí wa pé, "Ẹ̀yin ará orí òkè, ẹ bọ́ aṣọ yín! Òtútù kì í fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé èèyàn dé ibí." Lọ́jọ́ mìíràn Nayra ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá máa sín obìnrin náà jẹ fún mi títí di alẹ́. Ó kọjá lára mi. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù keje, Yola ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé náà láti béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Gbogbo wa la bá a lọ. A jókòó sórí àga onírin. Nayra dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yola, ó wá dúró níwájú mi. Ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ ní apá, ó ń yún un.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Gbogbo Sọ́ńdè?"

"Gbogbo rẹ̀, àfi ẹ̀ẹ̀kan."

"Èmi ni mo ní mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Rárá. O ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Mo fẹ́ sọ nípa yìnyín inú ẹ̀rọ omi fún un, àti nọ́ńbà mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ wọ́n fún un lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ní, "Ẹ fọwọ́ sí i, Àǹtí."

Ìyá wa ní, "Kí lo pè é?"

"Àǹtí," Nayra tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àǹtí mi ni wọ́n."

Yola ló ń sunkún nínú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ ò bá fẹ́..." Mo gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo kọ orúkọ mi lódindi, Eusebia Tarqui Lima, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Akọ̀wé náà ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára.

Ọjọ́ kejìlélógún ni wọ́n lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú Santa Cruz, ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò na ọwọ́ sí Nayra. Ó fún un ní ìwé ìrìnnà tuntun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì gbé ìwé pupa bí èékánná àtàǹpàkò náà lé tuntun yẹn lórí. Mi ò mọ̀ pé ó mú un kúrò nílé.

Ọkùnrin náà wo méjèèjì. "Èwo ni kí n lu òǹtẹ̀, ọ̀gá mi?"

"Méjèèjì."

"Tí mo bá lu kékeré yìí, gbogbo rẹ̀ á di òǹtẹ̀ o."

Ó fi orí bírò tẹ ẹ́ bí òǹtẹ̀. Nayra rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láti ọjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Mo jowú ọkùnrin náà. Wọ́n kọjá. Yola bojú wẹ̀yìn, ó juwọ́ sí wa lẹ́ẹ̀mẹta. Nayra kò wẹ̀yìn.

Bọ́ọ̀sì èrò lèmi àti ìyá wa wọ̀ padà. Lẹ́yìn Cochabamba, bí òtútù ṣe tún ń mú, ìyá wa ní, "Mo sọ fún ẹ. Èènì náà, ẹ̀bẹ̀ ni."

Mo gbìyànjú láti gbà bẹ́ẹ̀. Ní Alasitas ọdún tó tẹ̀lé e, mo gba òdìkejì ọ̀nà kọjá níwájú oníbàárà mi. Ó pè mí, mi ò dáhùn. Kò sóhun tó ṣe fún mi.

Nayra pè ní oṣù kẹjọ àti ní oṣù kẹwàá ọdún 2013. Kò pè mọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré náà wà lórí pẹpẹ. Mo pàdánù ọmọ náà.